Súwíìṣì Tí Ọwọ́ Màmá Lè Tó

Súwíìṣì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lónìí, ìyẹn súwíìṣì tí a fi ń tan fáànù inú ilé ìwẹ̀ ọkọ̀ RV. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ní kí ló kan òun nínú ìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà ooru tó kọjá, màmá mi wá kí wa ní Houston níbí láti Ìsẹ́yìn. Àwọn ọmọ ní kò sí bí Màmá Àgbà ṣe máa wá tí wọn ò ní rí òkun. La bá kó gbogbo ẹrù sínú RV, ó di Galveston, tí kò ju nǹkan bí 50 máìlì lọ sí wa. Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa láti ilé lórí fóònù, RV ni ọkọ̀ tí wọ́n kọ́ ilé sí inú rẹ̀: ibùsùn wà níbẹ̀, sítóòfù wà níbẹ̀, fíríìjì wà níbẹ̀, ilé ìwẹ̀ àti tọ́ílẹ́ẹ̀tì náà ò gbẹ́yìn. Òmíràn ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀. Òmíràn, bíi tèmi, mọ́tò míì ló ń fà á.

Lálẹ́ ọjọ́ tí a débẹ̀, Màmá wọlé lọ wẹ̀. Nígbà tó ṣe díẹ̀ mo gbọ́ tí nǹkan dún gbì. Mo sáré débẹ̀, mo kan ilẹ̀kùn: "Màmá, ṣé kò sí o?" Wọn ò dáhùn kíákíá. Ọkàn mi ti fò lọ. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, èéfín omi gbígbóná ló kọ́kọ́ jáde sí mi lójú. Màmá ti ró ìró wọn, ọwọ́ kan di kọ́bọ́ọ̀dù mú, wọ́n ń fi ọwọ́ kejì pa orúnkún. Wọ́n ti gun orí ìdérí tọ́ílẹ́ẹ̀tì kí ọwọ́ wọn lè tó súwíìṣì kékeré tó wà lára fáànù lókè àjà, ni ìdérí náà bá yẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Wọ́n wò mí, wọ́n ní: "Àkànní, ta ló gbé súwíìṣì yìí lọ sókè ọ̀run? Ṣé ẹni tó kọ́ ilé yìí ò ní ìyá ni?"

Ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi di òní. Mo sì ti wá mọ ìdáhùn rẹ̀. Ìlú Elkhart ní ìpínlẹ̀ Indiana ni wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ yìí, débi pé olú-ìlú RV lágbàáyé ni wọ́n ń pe ìlú náà. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ kọ́ ló ń ṣe fáànù. Fáànù máa ń dé ọ̀dọ̀ wọn pẹ̀lú súwíìṣì tirẹ̀ lára. Wọ́n á gé ihò 14 ínǹṣì sí 14 ínǹṣì sí orí òrùlé, wọ́n á fa wáyà méjì dé etí ihò náà, wọ́n á so ó, wọ́n á bọ́ sórí ọkọ̀ tó kàn. Kí wọ́n tún máa fa wáyà wálẹ̀ sára ògiri, owó ni, àkókò sì ni. Bó ṣe di pé súwíìṣì dúró sókè nìyẹn. Ẹni tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ò ní mọ̀ ọ́n lára. Ọmọdé mọ̀ ọ́n, arúgbó mọ̀ ọ́n, ẹni tí èjìká ń dùn mọ̀ ọ́n.

Ẹnìkan lè ní kí wọ́n má tan fáànù náà rárá. Rárá o. Fáànù yẹn kì í ṣe ti fàájì. Ẹ ronú nípa yàrá tí ẹ lè na apá méjèèjì kan ògiri rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, kí ẹ wá ṣí omi gbígbóná síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Níbo ni èéfín yẹn fẹ́ gbà? Ògiri RV kì í ṣe búlọ́ọ̀kù. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ fóòmù, igi tàbí àlùmíníọ̀mù ló sì ṣe egungun rẹ̀. Bí ọ̀rinrin bá ń wọ pákó yẹn lójoojúmọ́, ẹ óò kọ́kọ́ rí àmì dúdú wínníwínní ní igun àjà, bí búrẹ́dì tó bu. Lẹ́yìn náà pákó á wú. Nígbà tó bá yá, ẹ óò fi ìka tẹ̀ ẹ́, ìka yín á sì rì sínú rẹ̀. Gáàsì tí à ń fi dáná nínú RV náà máa ń tú omi sínú afẹ́fẹ́ bó ṣe ń jó. Ẹ wá fi gbogbo ìyẹn kún afẹ́fẹ́ etí òkun Texas, tó ti lọ́rinrin látọ̀dọ̀ Ọlọ́run.

Ìdí kejì sì wà, òun gan-an ló jẹ́ kí n gbà pé ara ògiri, lẹ́bàá ọwọ́, ni súwíìṣì yìí gbọ́dọ̀ wà. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì ilé ní ọrùn tó tẹ̀ kọ́lọ́kọ́lọ́ nísàlẹ̀, omi tó dúró síbẹ̀ ló ń dí òórùn. Ti RV ò rí bẹ́ẹ̀. Táńkì ìgbọ̀nsẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tààrà, ìdérí kan ṣoṣo pẹ̀lú omi díẹ̀ lórí rẹ̀ ló wà láàrin wọn. Bí ẹ bá fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà, ìdérí yẹn á ṣí. Bó bá jẹ́ pé fáànù ń fa afẹ́fẹ́ jáde lókè lásìkò yẹn, tí ilẹ̀kùn àti fèrèsé sì wà ní títì, afẹ́fẹ́ míì gbọ́dọ̀ wọlé rọ́pò èyí tó jáde. Inú táńkì ló máa gbà wá, á sì gba iwájú imú yín kọjá. Ọ̀pọ̀ onílé RV ló ń ra oògùn olóòórùn dídùn dà sínú táńkì nígbà tó jẹ́ pé fáànù ló ń fa ìyọnu wọn. Ẹ pa fáànù kẹ́ ẹ tó tẹ pẹ́dà, kẹ́ ẹ sì tún un tàn lẹ́yìn tí ìdérí bá ti padé. Ṣùgbọ́n ta ni á máa na ọwọ́ sókè àjà lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ìgbọ̀nsẹ̀ kan?

Ẹ jẹ́ ká wá sórí iṣẹ́ náà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú fáànù tẹ́ ẹ ní. Bó bá jẹ́ èyí tí súwíìṣì rẹ̀ ń dúró síbi tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sí, tàbí èyí tẹ́ ẹ̀ ń yí bíi bọ́tìnnì rédíò, iṣẹ́ yín rọrùn: ẹ óò fi tirẹ̀ sílẹ̀ ní títàn títí ayé, súwíìṣì ara ògiri á sì máa pàṣẹ fún un. Bó bá jẹ́ èyí tó ní rìmóòtù àti bọ́tìnnì títẹ̀, ẹ dán an wò ná. Ẹ tàn án, ẹ yọ fíúùsì rẹ̀, ẹ dá fíúùsì padà. Bí fáànù bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra rẹ̀, ó dáa. Bó bá dúró tó ń retí kí ẹnìkan tẹ bọ́tìnnì, súwíìṣì ara ògiri ò ní wúlò fún un. Ẹ kúkú fi gọ́ọ̀mù lẹ rìmóòtù mọ́ ògiri níbi tí ọwọ́ gbogbo yín tó. Ohun míì tún ni ìdérí òkè. Púpọ̀ nínú àwọn fáànù yìí, ọwọ́ la fi ń yí ìdérí wọn ṣí, àwọn mìíràn ò sì ní yí rárá bí ìdérí bá wà ní pípadé. Súwíìṣì tí mo ń sọ yìí ò lè ṣí ìdérí. Ní tiwa, èmi ni mò ń ṣí i nígbà tí a bá gúnlẹ̀, mo sì ń pa á dé ká tó gbéra.

Ó wá kan iná. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ níbí, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe pọ̀ sí.

Nílé, ẹ̀yin náà mọ̀ pé iṣẹ́ oníná yàtọ̀ sí iṣẹ́ rewáyà. Oníná ló ń fa iná NEPA wọ ilé. Rewáyà ló ń tún wáyà mọ́tò ṣe lẹ́bàá títì. RV ni ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé. Iná bátìrì wà níbẹ̀, 12 fóòtì, òun ló ń gbé gúlóòbù, ẹ̀rọ tó ń fa omi, àti fáànù tí à ń sọ yìí. Iná ilé Amẹ́ríkà náà wà níbẹ̀, 120 fóòtì, tó ń wọlé láti ara òpó bí a bá ti gúnlẹ̀ sí ibùdó, òun ló ń gbé ẹ̀rọ amúlétutù àti maikirowéèfù. Àárín àwọn méjèèjì ni ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní kọ̀ǹfátà. Gbogbo wa la mọ ínfátà nílé: ó ń sọ iná bátìrì di irú iná NEPA. Òdìkejì rẹ̀ ni kọ̀ǹfátà ń ṣe, ó ń sọ iná òpó di 12 fóòtì, ó sì ń fún bátìrì lóúnjẹ.

Ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọ̀ wáyà, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ṣẹ́ nílé kẹ́ ẹ tó wá síbí. Bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fi lélẹ̀ fún wa, wáyà pupa ni iná wà nínú rẹ̀, dúdú ni níútírà. (Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti yí tiwọn padà sí búráùn àti búlúù láti ọdún 2006.) Lára mọ́tò, pupa ni pọ́sítíìfù, dúdú ni nẹ́gẹ́tíìfù. Nínú ilé Amẹ́ríkà, dúdú gan-an ni iná wà nínú rẹ̀, funfun ni níútírà. Nínú RV ńkọ́? Lápá iná bátìrì, dúdú ló sábà máa ń jẹ́ pọ́sítíìfù, funfun ló sì sábà máa ń jẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù. Lápá iná 120, dúdú àti funfun kan náà ni. Ẹ ò rí i pé bí rewáyà bá fi ojú mọ́tò wò ó, á so ó lódì, bí oníná Ìbàdàn bá sì fi ojú ilé wò ó, á rò pé dúdú ò lè gbé òun? Èmi ò gba àwọ̀ gbọ́ mọ́. Mítà ni mò ń bi léèrè. Mítà kékeré ò wọ́n, ẹ má dáwọ́ lé iṣẹ́ yìí láìní í.

Bí ẹ bá kan wáyà tí mítà sọ pé 120 fóòtì wà nínú rẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ pe oníná tó ní ìwé àṣẹ. Ìwé òfin iná Amẹ́ríkà ní apá kan tó dá lórí RV nìkan, Apá 551. Kì í ṣe iṣẹ́ tí a ń fi ojú inú ṣe.

Àmọ́ ẹ má torí pé 12 fóòtì ò gbé yín kẹ́ ẹ wá fojú kékeré wò ó. Lóòótọ́, ẹ lè fọwọ́ kàn án kó má ṣe yín ní nǹkan kan. Ewu iná tó ń jólé ló wà níbẹ̀. Fíúùsì 15 áńpù lórí 12 fóòtì máa jẹ́ kí 180 wọ́ọ̀tì kọjá kó tó já. Àwọn atúnrédíòṣe wa nílé, ẹ̀rọ 40 wọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ń yọ́ léèdì. Tí wáyà yín bá wá jẹ́ tín-ín-rín, tàbí ojú ibi tẹ́ ẹ ti so ó bá dẹ̀, ibẹ̀ á máa gbóná díẹ̀díẹ̀ nínú pákó gbígbẹ àti fóòmù, níbi tí ojú ò tó. Nítorí náà, lẹ́yìn fíúùsì 15, wáyà nọ́ńbà 14 ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má lo èyí tó tín-ín-rín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ sì rántí pé bí nọ́ńbà wáyà Amẹ́ríkà bá ṣe ń kéré ni wáyà ṣe ń tóbi: 12 sanra ju 14 lọ, 16 sì tín-ín-rín jù ú. Bí fíúùsì bá já, ẹ wádìí ohun tó já a. Ẹ má fi wáyà dì í bí a ṣe ń ṣe nílé.

Súwíìṣì fúnra rẹ̀ náà ní irú tirẹ̀. Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù, súwíìṣì ilé ló máa kọ́kọ́ rí, owó rẹ̀ ò pọ̀, á sì fẹ́ fi ṣe é. Iná ilé Amẹ́ríkà ń lọ ń bọ̀ ni. Nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo, ìgbà 120 ló máa ń di òfo. Bẹ́ ẹ bá pa súwíìṣì, iná kékeré tó ta pàrà láàrin irin méjèèjì á rí àyè kú. Iná bátìrì kì í lọ kì í bọ̀, ojú kan ló dorí kọ, kò sì ní ìsinmi. Tó bá ta pàrà láàrin irin, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, á máa jẹ irin náà díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn súwíìṣì kẹ́ ẹ tó sanwó. Èyí tí wọ́n kọ 12 fóòtì DC sí, pẹ̀lú 10 áńpù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni kẹ́ ẹ mú. Àwọn tí wọ́n ṣe fún RV tún ní àǹfààní míì: ẹ̀yìn wọn ò jìn. Ògiri tó pín yàrá nínú RV lè má nípọn ju ínǹṣì kan lọ, àpótí súwíìṣì ilé á yọ sí òdìkejì.

Ní ọjọ́ iṣẹ́, mo gbé ọkọ̀ sí iwájú ilé wa. Ohun àkọ́kọ́ ni kí a pa gbogbo iná, ẹ sì kíyè sí i pé mo ní gbogbo. Ọ̀rẹ́ mi kan yọ orí bátìrì, ó rò pé ó ti tán. Wáyà òpó ṣì wà lára ọkọ̀, kọ̀ǹfátà sì ń da 12 fóòtì lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Púláyà rẹ̀ ta iná pàrà lójú rẹ̀. Nítorí náà, mo yọ wáyà òpó. Mo pa súwíìṣì ńlá tó ń gé bátìrì. Mo yọ fíúùsì ilé ìwẹ̀, mo fi sápò, kí ọmọ kankan má baà dá a padà. Ẹni tó bá ní sólà lórí òrùlé, kó gé ìyẹn náà.

Mo tú síkúrù mẹ́rin tó di férémù funfun tó yí fáànù ká mú. Férémù náà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú eruku àti kòkòrò gbígbẹ méjì. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú àlàfo tó wà láàrin àjà àti òrùlé, ohun tí mo sì rí níbẹ̀ ni wáyà dúdú kan àti funfun kan tó yọ láti inú fóòmù, tí wọ́n fi ike búlúù kéékèèké tẹ̀ wọ́n pọ̀ mọ́ wáyà fáànù. Mo fa ti dúdú díẹ̀. Ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́! Wọn ò tẹ̀ ẹ́ dáadáa nígbà tí wọ́n ń ṣe ọkọ̀ náà. Ìrántí ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ló fi ń dúró. Orí mi wú. Gbogbo ọ̀nà tí a ti rìn, òkè ìsàlẹ̀, gbogbo bí ọkọ̀ ṣe ń mì lójú títì, bẹ́ẹ̀ ni wáyà yẹn ṣe ń jó ijó nínú ike.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín: ẹ má lọ́ wáyà pọ̀ kẹ́ ẹ sì fi téèpù dúdú wé e. Rewáyà ń ṣe é nílé, mo mọ̀, ó sì ń pẹ́ díẹ̀ lára mọ́tò. Ilé tó ń rìn lójú ọ̀nà ni RV, ọjọ́ kan á gbọ̀n ọ́n sílẹ̀, ooru orí òrùlé á sì yọ́ gọ́ọ̀mù ara téèpù. Ike tí à ń fi irin tẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò, búlúù fún wáyà nọ́ńbà 14 àti 16, irú èyí tó ń fún mọ́ wáyà bí iná bá rà á. Ẹ fi púláyà tí wọ́n ṣe fún un tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ fà á bí ẹni tó fẹ́ kó já. Bó bá já lọ́wọ́ yín, ẹ dúpẹ́ pé ọwọ́ yín ló ti já.

Pọ́sítíìfù nìkan là ń gé. Ẹ fi nẹ́gẹ́tíìfù sílẹ̀ bó ṣe wà. Bó bá jẹ́ nẹ́gẹ́tíìfù lẹ gé, fáànù á kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná á ṣì wà nínú wáyà rẹ̀ lókè, á máa dúró de irin tó máa kàn án. Wáyà méjì ló wá ń sọ̀ kalẹ̀ láti àjà dé ara ògiri: ọ̀kan ń gbé iná wá bá súwíìṣì, èkejì ń gbé e padà lọ fún fáànù. Bí súwíìṣì yín bá ní iná kékeré tó ń tàn nínú rẹ̀, ẹ ó nílò ìkẹta, nẹ́gẹ́tíìfù, nítorí iná kékeré náà. Èmi fẹ́ràn irú èyí tó ń tàn. Fáànù tó ń fa áńpù méjì, bó bá ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́wàá mọ́jú, 20 áńpù-wákàtí ló ti kó nínú bátìrì. Bátìrì oní-léèdì tí wọ́n kọ 100 áńpù-wákàtí sí lára, 50 ló yẹ kẹ́ ẹ lò nínú rẹ̀ kó má baà tètè bàjẹ́. Ìgbàgbé alẹ́ kan ti jẹ ìdá méjì nínú márùn-ún 50 yẹn.

Bí ilé ìwẹ̀ yín bá ti ní súwíìṣì gúlóòbù lára ògiri tẹ́lẹ̀, ẹ ti jẹ èrè. Pọ́sítíìfù ti wà níbẹ̀. Ẹ fi súwíìṣì oníméjì rọ́pò rẹ̀, ẹ pín iná fún èkejì, wáyà kan péré ló kù tẹ́ ẹ máa fà lọ sókè, kẹ́ ẹ sì yọ fáànù kúrò lára ìlà rẹ̀ àtijọ́.

Ibi tí èèyàn ti máa ń sọ̀rètí nù ni fífa wáyà náà. Inú àjà RV kún fún fóòmù, wáyà ò lè gba ibẹ̀ kọjá bí kò bá sí ihò. Mo fi wákàtí kan gbáko jà pẹ̀lú rẹ̀, mo sì jáwọ́. Tíráńkìn ni mo lò, ọ̀pá ike funfun pẹlẹbẹ tí àwọn oníná wa ń lẹ̀ mọ́ ògiri nílé. Ó gba ojú àjà lọ, ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ péré, ó wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù, láti ibẹ̀ ni wáyà ti sọ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn ògiri. Ẹni tí kò bá mọ̀ kò lè rí i. Kí n tó lu ògiri, mo lọ wo òdìkejì rẹ̀ nínú yàrá, mo wo ibi tí páìpù omi gbà, mo sì wé téèpù mọ́ ẹnu irin ìlu níwọ̀n ìdajì ínǹṣì, kó lè dá mi lẹ́kun kí irin má yọ sí orí ibùsùn. Ibi tí omi ìwẹ̀ ò lè ta dé ni mo yàn.

Ní ti bí ó ṣe máa ga tó, òfin Amẹ́ríkà tó ń gbèjà àwọn tó ní àléébù ara, ADA ọdún 1990, ní ìlànà fún àwọn ilé tí gbogbo èèyàn ń lò: nǹkan tí a ń fọwọ́ tàn kò gbọdọ̀ ga ju 48 ínǹṣì lọ láti ilẹ̀. Òfin yẹn ò de RV tèmi, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí n mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Mo wá pe Màmá. Mo ní kí wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n na ọwọ́ síbi tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn, kí wọ́n má nà gàgà. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí abẹ́ ìka wọn, mo wọ̀n ọ́n: 44. Ibẹ̀ ni mo gbẹ́.

Nígbà tí mo so gbogbo rẹ̀ tán, mo dá fíúùsì padà, mo tan súwíìṣì, fáànù yí. Mi ò tíì yọ̀. Mo já bébà tọ́ílẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, mo gbé e sábẹ́ fáànù. Ó yẹ kí fáànù fà á mọ́ra sókè. Fáànù fẹ́ ẹ sí mi lójú. Mo ti so wáyà méjì lódì nígbà tí mò ń tún èyí tó bọ́ ṣe, bẹ́ẹ̀ sì rèé, mọ́tò kékeré tó ń lo iná bátìrì, bẹ́ ẹ bá so ó lódì, ó sábà máa ń yí lódì, á máa fẹ́ afẹ́fẹ́ wọlé dípò kó máa fà á jáde. Ìró tó ń dún ò yàtọ̀, etí ò lè mọ̀. Mo pa iná, mo tún un so, mo sì tún gbé bébà síbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fò lọ lẹ̀ mọ́ àwọ̀n, ó dúró síbẹ̀. Ẹ rántí ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ rí i pé àyè wà lábẹ́ rẹ̀, torí fáànù ò lè fa afẹ́fẹ́ tí kò rí ibi wọlé.

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ pẹ́dà fún Màmá lẹ́ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, a tún gba Galveston lọ. Ìdájí ni, ilẹ̀ ò tíì mọ́, àsùbáà ń bọ̀, mo sì wà lórí ibùsùn tí mò ń gbọ́ gbogbo nǹkan lára ògiri fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn. Ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ dún. Mo gbọ́ "kà", fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í hùn. Ó ṣe díẹ̀. "Kà", fáànù dákẹ́. Pẹ́dà dún. "Kà", fáànù tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí omi àlùwàlá ń dà.